Ohun Tí A Sin sí Baṣọ̀run

Bàbá mi àtàtà,

Ọjọ́ Ajé ni mo ti ilẹ̀ Faransé dé. Òní ni Ọjọ́bọ̀, mi ò sì tíì tú àpótí mi. Ẹ mọ̀ pé ìwà mi kọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, aṣọ ìdọ̀tí á ti wà nínú omi kí n tó bọ́ bàtà. Àpótí náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi ní Bódìjà níbí, mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ti àlejò ni. Ara mi kò tíì wálẹ̀, Bàbá. Mo ń kọ̀wé sí yín nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí kò ní í já a gbà mọ́ mi lẹ́nu.

Ìlú tí ẹ kú sí ni mo lọ. Ìlú kékeré yẹn tí Bọ́sẹ̀ àbúrò mi lọ́kọ sí, tí ẹ lọ kí i, tí ẹ ní oṣù mẹ́ta péré lẹ máa lò. Ọdún mẹ́fà rèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe tìtorí yín ni mo ṣe lọ. Bọ́sẹ̀ ni mo lọ mú. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Ìbàdàn. Lọ́dọọdún ni àwíjàre ń yí: iṣẹ́ ló dí i, ọkọ rẹ̀ kò sí nílé, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ti fẹ́ parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó dé pápákọ̀ òfuurufú, tó tún yí padà sílé. Lọ́dún yìí a fẹ́ gbé òkúta tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ sórí sàréè yín nínú ọgbà ẹbí wa ní Baṣọ̀run, kí a sì ṣe ìsìn ìrántí. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ní àwọn ò ní í dúró níbẹ̀ bí Bọ́sẹ̀ kò bá wá.

“Ọmọ méjì péré ló bí. Ẹ wá fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe é?”

Mo ní kò burú. Mo gba físà, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ní àlọ àti àbọ̀, mo ra ti Bọ́sẹ̀ ní àbọ̀ láì bi í léèrè. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fún gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí.

Bàbá, ẹ kò sọ fún wa pé ìlú yẹn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lórí fóònù, gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára, búrẹ́dì wọn le bí igi. Ọ̀sán gangan ni mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, èmi àti obìnrin kan pẹ̀lú ajá rẹ̀. Kí n tó wọ́ àpótí mi jáde ní ibùdókọ̀, obìnrin àti ajá ti wọlé lọ, ó ku èmi nìkan lójú títì. Kò sí ọlọ́kadà tó ń pè mí. Kò sí ẹni tó ń ta ohunkóhun. Gbogbo fèrèsé ilé wọn ló ní ilẹ̀kùn onígi níta, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní títì. Mo rí ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, ó tì. Mo rí ilé oògùn, ó tì. Báǹkì wọn gan-an tì, ní aago kan ọ̀sán, ní ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n kọ àkókò tí wọ́n máa ń ṣí sára ilẹ̀kùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé Faransé díẹ̀ tí mo gbọ́ ni kò tó. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n lọ jẹ, gbogbo ìlú, fún wákàtí méjì. Bí ẹnì kan bá dán irú ẹ̀ wò ní Dùgbẹ̀, oníbàárà á ti gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Mo wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi. Ìgbà wo ni mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara mi rí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọra rìn bí olè.

Bàbá òyìnbó arúgbó kan ló wà níta, ó ń fi àlùmọ́gàjí ńlá gé ewé tó fi ṣe ọgbà yí ilé rẹ̀ ká. Ó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Àpótí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹnu mi ló dáhùn fúnra rẹ̀ kí ọpọlọ mi tó dé ibẹ̀. “Ẹ ṣé o, sà.” Inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé bò mí, ó ń nawọ́ sí ọ̀nà òkè, mo sì gbọ́ orúkọ yín láàárín rẹ̀. Orúkọ yín, Bàbá, lẹ́nu ẹni tí mi ò rí rí, ní ìlú tí èèyàn kò sí lójú títì. Bọ́sẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé ní gbogbo àárọ̀ tí ẹ fi wà níbẹ̀ lẹ máa ń dúró síwájú ọgbà rẹ̀ kí ẹ kí i kú iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti máa ń kí àwọn agbálẹ̀ ní Bódìjà. Ó rò pé ìkíni tó wà fún gbogbo ìgbà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo èèyàn dúdú tó bá ti kọjá ló ń kí bẹ́ẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní àwọn ará Màlì méjì wá tún títì ṣe níbẹ̀, wọ́n kàn ń wò ó ṣáá.

Bọ́sẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, mi ò tètè dá a mọ̀. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé òyìnbó, mo fà á dìde. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, àwa méjì la wà nílé. Kí n tó mu omi, mo ti gbé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lé orí tábìlì. Ó wò ó bí ẹni wo ìwé ẹjọ́.

“Àǹtí mi, ẹ kò bi mí.”

“Ọdún mẹ́fà ni mo fi bi ẹ́.”

“Mi ò lọ.”

“Sọ ìdí ẹ̀ fún mi kí n bá ẹ tún un ṣe.”

“Kì í ṣe nǹkan tí ẹ lè tún ṣe.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Kí ló wà tí mi ò lè tún ṣe?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú mi wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yìn ìlú ni itẹ́ òkú wọn wà, oko ọkà ló yí i ká, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sójú ọ̀nà, ó ń ké lábẹ́ bàtà wa. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí orúkọ yín ní kíkọ láàárín orúkọ àwọn òyìnbó, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lọ sí Baṣọ̀run ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo ń gbá ojú sàréè yín níbẹ̀, tí mo ń ròyìn ọ̀sẹ̀ fún yín, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi àti ẹni tó já mi kulẹ̀. Omijé kan kò bọ́ lójú mi níbẹ̀ rí. Ní ìlú àjèjì ni mo ti jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ pẹ̀lú kóòtù tuntun mi, tí mo ké. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹ ti kú.

Ẹ kò mọ bí a ṣe ṣe é tó fi di pé sàréè yín di méjì, ẹ ti lọ nígbà náà. Àwọn tó ń ṣètò òkú níbẹ̀ ní ó lè tó oṣù kan ààbọ̀ kí ìwé tó pé láti gbé yín wálé. Èmi ni mo ní kí wọ́n sin yín síbẹ̀. Mo ní oṣù kan ààbọ̀ nínú yìnyín, bàbá mi kọ́. Bàbá Àgbà fárígá. Wọ́n ní bí a kò bá gbé òkú yín wálé, irun àti èékánná yín gbọ́dọ̀ wálé, kí a sì sin ín bí ẹni sin yín gan-an, bí àwọn baba wọn ti ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀. Pásítọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi gbà, nítorí pé ó rọrùn, ó sì yá. Mo pe Bọ́sẹ̀ pé kó gé irun yín àti èékánná ọwọ́ yín kí wọ́n tó ti pósí, pé ẹnì kan tí mo mọ̀ ń bọ̀ wálé láti Párìsì, òun ni yóò bá wa gbé e. Ó dé. Káfíńtà kan àpótí kékeré. A sin ín sí Baṣọ̀run, a kọrin, gbogbo èèyàn ní ètò náà lọ geere. Mo gba ìyìn yẹn, Bàbá. Mo gbà á bí ẹni gba àmì ẹ̀yẹ.

Bọ́sẹ̀ kò jókòó tì mí lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Ó dúró lókè orí mi níbẹ̀.

“Àǹtí mi, irun yẹn, irun Bàbá ni. Inú kóòmù wọn ni mo ti kó o.”

Kóòmù dúdú kékeré tó máa ń wà nínú àpò àyà yín, tí ẹ máa ń yọ kí ẹ tó jáde, kódà bí ẹ bá kàn ń lọ wo adìyẹ lẹ́yìnkùlé.

“Kóòmù kẹ̀? Ṣebí o lọ síbẹ̀.”

“Mo lọ. Wọ́n ti ti pósí.”

“Aago mélòó lo débẹ̀?”

“Aago tí ẹ sọ fún mi. Ọjọ́ tí ẹ sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ tún pè wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ tán, tí ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ kò sọ fún mi.”

Òótọ́ ni. Mo ti gbàgbé ìpè yẹn pátápátá. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Mo ní ìpàdé kan tí mo fẹ́ ṣètò ní Ring Road ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ti parí.

“Èékánná ńkọ́?”

Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, bí ọmọ iléèwé tí tísà fẹ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

“Tèmi ni.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

“Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí n má ṣàlàyé, kí n sáà fi ránṣẹ́, pé ọkọ̀ òfuurufú kò ní í dúró de àlàyé. Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo gé e, mo dà á mọ́ irun nínú ìgò jáàmù, mo fi aṣọ funfun wé e. Mo rò pé ẹ máa mọ̀. Mo ní bí ẹ bá tú u báyìí, ẹ máa rí i pé èékánná àtàǹpàkò Bàbá kò sí níbẹ̀, ẹ máa pè mí, ẹ máa bú mi, á tán. Ẹ pè mí lóòótọ́. Ẹ ní ó ti dé, pé mo ṣe dáadáa.”

Àtàǹpàkò ọ̀tún yín. Èyí tí ilẹ̀kùn kíláàsì gbá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, tí èékánná rẹ̀ nípọn, tó dúdú bí ìkarahun ìgbín títí ẹ fi lọ. Ta ni yóò wo ìgò yẹn tí kò ní í mọ̀? Ètò àpérò ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń ka àga inú gbọ̀ngàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àlejò tó dé. Mi ò tú aṣọ yẹn. Mo gbé e sínú àpótí bó ṣe wá.

“Mo wà láàyè, Àǹtí mi, ara mi sì wà nínú sàréè. Ẹ ti kọrin sí i, ẹ ti gbàdúrà sí i, ẹ ti da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Bí mo bá wá dúró lórí ẹ̀, ṣé ilẹ̀ máa mọ ìyàtọ̀?”

Mo fẹ́ sọ fún un pé onígbàgbọ́ ni wá. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Ìgbà tí mo ń gbé irun àti èékánná sínú ilẹ̀, ṣé onígbàgbọ́ kọ́ ni mí nígbà náà? Kí lẹ̀yin ì bá ti wí fún un, Bàbá? Ẹ ì bá ti wá nǹkan wí. Ẹ máa ń wá nǹkan wí fún Bọ́sẹ̀.

Èmi nìkan ni mo padà wá. Àga ẹ̀gbẹ́ mi nínú ọkọ̀ òfuurufú ṣófo, mo sì fi ọwọ́ mi dì í ní ìgbànú ìjókòó, mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo lọ sí Baṣọ̀run. Bàbá Àgbà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ọsàn. Mo kúnlẹ̀, mo sì rò ó láì fi nǹkan kan pamọ́, títí kan ìpè tí mo fi ní kí wọ́n sin yín ní ọjọ́ kan ṣáájú. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde nínú ọgbà.

“Èékánná ta lo ní?”

“Ti Bọ́sẹ̀, sà.”

“Bọ́sẹ̀ wa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n bó ọsàn wọn tán. Wọ́n gé e sí méjì.

“Ọmọ ẹ̀ ni. Ṣé ti ewúrẹ́ ni?”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

“Tìtorí èékánná ni ọmọ yẹn kò ṣe wálé fún ọdún mẹ́fà? Kí ló dé tí kò pè mí?”

“Ẹ̀rù ló bà á, sà.”

“Ẹ̀rù mi, àbí ẹ̀rù rẹ?”

Ṣé ẹ bá mi mọ ìdáhùn rẹ̀, Bàbá?

Bàbá Àgbà ní kí n pe bíríkìlà tó fẹ́ gbé òkúta wá, kó fi òkúta sílẹ̀, kó gbé ṣọ́bìrì dání, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní ṣé kí n kọ́kọ́ bi pásítọ̀. Wọ́n ní, “Ṣé òun ló ni èékánná ni?”

Bíríkìlà dé ní àárọ̀ àná. Ó wo sàréè, ó wo ṣọ́bìrì ọwọ́ rẹ̀.

“Mọ̀mí, òkúta lẹ bá mi sọ. Ta la fẹ́ sin?”

Bàbá Àgbà ló dá a lóhùn. “A kò sin ẹnikẹ́ni. A fẹ́ yọ èèyàn jáde ni.”

Ọkùnrin náà wojú mi, ó wojú géètì. Mo ní kó máa gbẹ́ ẹ, ẹ̀fẹ̀ ni Bàbá ń ṣe. Ó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìdajì ara rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà títí tó fi parí.

Mo ti pe Bọ́sẹ̀ lórí fídíò láti ìgbà tí ṣọ́bìrì kọ́kọ́ wọlẹ̀. Ikán ti jẹ àpótí tán. Aṣọ funfun ti di ẹrẹ̀. Ìgò náà ni kò ṣe nǹkan kan, ìdérí rẹ̀ nìkan ló dípẹtà. Bàbá Àgbà fi aṣọ wọn nù ún, wọ́n ṣí i, wọ́n sì da ohun inú rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Ìdì irun funfun kan, kò ju ohun tó lè wọ inú páálí ìṣáná lọ. Èékánná mẹ́wàá, tín-ín-rín, mímọ́. Ọ̀kan ṣì ní ọ̀dà pupa díẹ̀ létí. Ọ̀dà pupa, Bàbá. Ẹni tó bá fọ́jú nìkan ni kò ní í mọ̀.

Wọ́n fi irun yín sínú áńkáṣíìfù tiwọn, wọ́n sì dá a padà sínú ilẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ṣa èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sókè kí Bọ́sẹ̀ lè gbọ́, títí ó fi pé mẹ́wàá. Wọ́n kó o sínú àpò ìwé, wọ́n fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n fi sápò.

“Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó o níná,” ni Bọ́sẹ̀ wí lórí fóònù.

“Mi ò jó nǹkan kan. Ẹrù ẹ ni. Mi ò ní í fi ránṣẹ́, mi ò sì ní í fún ẹ̀gbọ́n ẹ, torí yóò kánjú jù ú nù. Wá gbà á lọ́wọ́ mi. Àgbàlagbà ni mí, má sì jẹ́ kó pẹ́.”

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Mo di fóònù náà mú.

Gbogbo ìyẹn ni mo fẹ́ sọ, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Ìwọ̀nba irun inú kóòmù ni mo ti ń ròyìn fún ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Àtàǹpàkò yín wà lọ́hùn-ún lábẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbo lẹ ti ń gbọ́ mi? Ṣé ẹ tilẹ̀ gbọ́? Mo fi ọjọ́ kan lé yín wọlẹ̀, Bàbá, mo sì ti jókòó láti àárọ̀, mo ń gbìyànjú láti rántí ẹni tó ni ìpàdé tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe é. Mi ò rántí rẹ̀. Ẹ foríjì mí.

Bọ́sẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí. Òun ló yan ọjọ́ fúnra rẹ̀. Ó jìnnà, ó sì bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ mi máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Ọwọ́ mi ti dé orí fóònù láti sọ fún un pé kó wá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Mo gbé fóònù náà sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í, mo sì fa ìwé yìí jáde.

Èmi ni,
àkọ́bí yín oníkánjú, tí ìfẹ́ rẹ̀ wà pẹ̀lú yín níbi méjèèjì.